Àpòòwé 43 lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi: ta ni àwọn iléeṣẹ́ yìí ń bá sọ̀rọ̀ gan-an?

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá · Sátidé, 8:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ń jà lọ́kàn mi láti àná, ẹ bá mi dá sí i.

A fẹ́ kun yàrá ìyá mi lọ́dà nílé wa n'Íbàdàn. Bí a ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò, àpò Ghana-Must-Go kan ló wà lábẹ́ ẹ̀, eruku ti bò ó. Mo rò pé aṣọ àtijọ́ ni. Mo ṣí i, àpòòwé ló kún inú ẹ̀. Mo kà á, ó jẹ́ 43. Nínú ẹ̀, 26 ni ẹnikẹ́ni ò já rí. Àwọn ńláńlá jẹ́ ìwé ìròyìn ọdọọdún láti iléeṣẹ́ oríṣiríṣi, bébà dídán, alága nínú agbádá lójú ewé kejì tàbí ìkẹta. Àwọn kéékèèké ní bébà pélébé kan nínú tó dà bíi ṣẹ́ẹ̀kì. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 2,250 náírà, èyí tó kéré jù jẹ́ 184 náírà àti 50 kọ́bọ̀. Ọdún 2009 ló wà lára ẹ̀.

Tíṣà ni ìyá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi ń ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú iléeṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ láàárín 2005 sí 2008, nígbà tí gbogbo ayé ń rà á. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi já àwọn àpòòwé yìí. Wọ́n ní, "Mo já àwọn kan. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ títí, n kò rí i. Àwọn ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ṣé owó inú àwọn bébà pélébé yẹn ti kú nìyẹn? Àti pé, lóòótọ́, ṣé irú ìyá mi ni wọ́n ń kọ àwọn ìwé yìí sí?

Ọmọ_Oníṣòwò · 8:20 àárọ̀

Ìyá ti ń sùn lórí owó láti ọjọ́ yìí 😂 Ẹ máa rọra tú bẹ́ẹ̀dì tó kù o.

Akọ̀wé_Marina · 9:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Àdùkẹ́. Ọ́fíìsì akọ̀wé iléeṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, nítorí náà irú àpòòwé yìí wà lára ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ 😔 Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ẹyọ kan nù.

Bébà pélébé yẹn ni wọ́n ń pè ní wáráǹtì, ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń san dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè orí ṣíà. Kò ṣeé kó lọ sí báǹkì mọ́, ó ti pẹ́ jù, àmọ́ owó tó dúró fún ṣì lè wà lọ́dọ̀ rẹ́jísírà, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn oní-ṣíà. Ẹ wo òkè wáráǹtì náà, nọ́ńbà àkáǹtì kan wà níbẹ̀. Òun lẹ máa lò. Ẹ máa gba fọ́ọ̀mù e-dividend, ìyá á kọ BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì wọn sí i, báǹkì á lu òǹtẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ rẹ́jísírà. Láti ìgbà náà lọ, tààrà ni èrè orí ṣíà á máa wọ àkáǹtì. Ibi tí wàhálà sábà máa ń wà ni ìfọwọ́sí. Bí ìyá ṣe fọwọ́ sí i ní 2006 ni rẹ́jísírà máa fi wé tòní.

Ti pé ó ti kú, ó sinmi lórí ọdún tó jẹ́. Òfin iléeṣẹ́, CAMA, sọ pé dífídẹ́ǹdì tí ẹnikẹ́ni ò bá wá gbà fún ọdún 12, wọ́n lè dá a padà sínú èrè tí wọ́n máa pín fún àwọn oní-ṣíà tó kù. Òfin ìṣúná 2020 tún wá sọ pé ti àwọn iléeṣẹ́ tó wà lọ́jà ṣíà, tó bá ti pé ọdún 6, kó lọ sínú àpò kan lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kí olówó wá bèèrè ẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ti 2009 yẹn, ẹ má fọkàn sí i. Àmọ́ ṣíà fúnra ẹ̀ kì í kú! Tí bónọ́ọ̀sì, ìyẹn ṣíà ọ̀fẹ́ tí iléeṣẹ́ ń pín, bá ti wọlé láàárín, ó ṣeé ṣe kó ti pọ̀ ju iye tí wọ́n rà lọ.

Ìbéèrè kejì le. Màá padà wá dáhùn ẹ̀.

Ìyá_Ṣadé_Gbági · 10:41 àárọ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ìyá rẹ ò dá nìkan wà.

Ní 2007, lésì ni mò ń tà ní Gbági. Àwọn ọmọ báǹkì á wọ táì nínú oòrùn wá bá wa, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á mu píọ̀ wọ́tà wa. Báǹkì wọn ń ta ṣíà. "Màmá, ẹ rà á báyìí, kó tó di Kérésì ẹ máa rẹ́rìn-ín." Fọ́ọ̀mù ẹyọ kan ni wọ́n fún mi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan rí jákujàku bí ohun tí wọ́n fà ya. Mo fọwọ́ sí i, mo kówó sílẹ̀.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà kí ọmọ mi tó ṣàlàyé fún mi pé ara ìwé kan tó ń jẹ́ prospectus ni wọ́n ti fa fọ́ọ̀mù yẹn ya. Inú ìwé yẹn ni wọ́n kọ ohun tí báǹkì fẹ́ fi owó wa ṣe sí, àti gbèsè tó jẹ, àti ẹjọ́ tó ní ní kóòtù, àti ewu tó wà níbẹ̀. Wọ́n fa gbogbo ewu ya sọ́tọ̀, wọ́n wá gbé ibi tí màá fọwọ́ sí fún mi.

Báǹkì yẹn ò sí mọ́. Ṣíà yẹn náà ò sí mọ́. Sátífíkéètì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí mi, mo fi ń tẹ́ abẹ́ gèlè.

Bàbá_Onígègé · 11:30 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ ọdún 74 ni mí, mo ti ń lọ sí ìpàdé ọdọọdún àwọn iléeṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi lẹ́tà pè wá tí lẹ́tà sì ń dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Ṣadé bí mo ṣe rí i.

Ní 2004, Soludo tó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà ní kí owó ìdókòwò báǹkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní 2 bílíọ̀nù náírà, kó di 25 bílíọ̀nù, kí 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Níbo ni wọ́n ti máa rí owó? Ọ̀dọ̀ wa ni. Ìgbà náà ni wọ́n sọ àwọn akọ̀wé báǹkì di olùpolówó ọjà. Wọ́n ń tà, wọn ò ṣàlàyé. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà wa ti kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún yẹn máa fi parí, kò tó ìdajì iye yẹn mọ́. Ní 2009, Sanusi tó gba ipò Soludo lé àwọn ọ̀gá báǹkì márùn-ún lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹjọ 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ báǹkì mẹ́ta, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn fún báǹkì tuntun, àwọn tó ní ṣíà nínú ti àtijọ́ jókòó lófìfo.

Ó sì dùn mí, nítorí mo ka ìwé ọdọọdún díẹ̀ nínú tiwọn. Ọ̀rọ̀ alága nínú wọn dùn bí oyin.

Ọmọ_Oníṣòwò · 11:44 àárọ̀

Bàbá, ìgbà yẹn ti lọ. Lórí fóònù la ti ń ra tiwa báyìí. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ tún ní kí wọ́n fi kún owó ìdókòwò ní 2024, tí àwọn báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní láti ní 500 bílíọ̀nù, orí NGX Invest, ojúlé tí ọjà ṣíà wa, NGX, fi ń ta ṣíà tuntun, ni mo ti ra ti GTCO, iléeṣẹ́ tó ni GTBank, 44 náírà 50 kọ́bọ̀ lẹ́yọ kan. Prospectus wà níbẹ̀, èèyàn kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò fa nǹkan kan ya.

Bàbá_Onígègé · 11:52 àárọ̀

O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o kà á?

Ọmọ_Oníṣòwò · 11:53 àárọ̀

😅

Ọmọ_Oníṣòwò · 11:58 àárọ̀

Ó dáa, mo jẹ́wọ́. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ pé mo ti kà á. Mo kàn máàkì ẹ̀ ni.

Ìyá_Ṣadé_Gbági · 12:03 ọ̀sán

Wọ́n fa tèmi ya fún mi. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ fa tìẹ ya.

Akọ̀wé_Marina · 2:17 ọ̀sán

Mo ti padà dé. Ìbéèrè kejì: ta ni wọ́n ń kọ ọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀yin náà ẹ má fi orúkọ mi kọrin. Ibi méjì ni iléeṣẹ́ ńlá ti ń bá àwọn tó ni ín sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìpè orí tẹlifóònù tàbí Zoom pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó owó ẹlòmíràn: iléeṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì, àwọn àjèjì tó ní owó ńlá, àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ nípa ṣíà. Kì í pẹ́ lẹ́yìn tí èsì bá jáde. Ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ìṣúná á jókòó, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè tó ń gún, wọ́n á dáhùn. "Dọ́là mélòó lẹ jẹ? Kí ló dé tí owó tẹ́ ẹ yá jáde kò padà?" Ibì kejì ni ìpàdé ọdọọdún, níbi tí irú ìyá Àdùkẹ́ wà. Ó lè tó oṣù mélòó kan kí ìyẹn tó wáyé. Nígbà tó bá fi máa wáyé, ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀, oúnjẹ ló kù.

Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n sọ fún àwọn àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ àṣírí o. Òfin ò gbà á. Ohunkóhun tó lè mú kí owó ṣíà gòkè tàbí kó wálẹ̀, orí ojúlé NGX ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hàn. Èsì oṣù mẹ́ta-mẹ́ta gbọ́dọ̀ jáde kí ọjọ́ 30 tó pé lẹ́yìn tí oṣù mẹ́ta náà bá parí. Ti ọdún, tí àwọn ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò, kí ọjọ́ 90 tó pé. Tó bá pẹ́, owó ìtanràn ni. Kí èsì tó jáde, àwa tá a mọ̀ ọ́n nínú ilé ò gbọdọ̀ ra ẹyọ ṣíà kan, a ò sì gbọdọ̀ tà. Èmi náà wà lára ẹ̀. Ìyàwó mi ń bi mí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, mo ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún un.

Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ wà ní gbangba. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ ìyá yín. Ta ni mo ní lọ́kàn tí mo bá ń kọ ọ́? Agbẹjọ́rò wa ni. Òun ló máa kà á kẹ́yìn, òun ló máa fa igi lé gbólóhùn tó bá yéni jù.

Dàpọ̀_Peckham · 3:40 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò o. Lọ́dọ̀ wa níbí, aago 7 àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń gbé ìròyìn wọn jáde, kí ọjà Lọ́ńdọ̀nù tó ṣí ní aago 8. Mo ní Seplat àti Airtel Africa. Ọjà méjèèjì ni wọ́n wà, Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó. GTCO náà dara pọ̀ ní 2025. Tí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé orí fóònù mi, bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó ní mílíọ̀nù kan ṣíà. Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lórí ìyẹn láti 2000: ọ̀gá iléeṣẹ́ ò lè sọ ohun tó wúlò sétí àwọn olówó ńlá kí ó tó sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Warren Buffett. Òun ni olórí Berkshire Hathaway, iléeṣẹ́ ìdókòwò ńlá kan l'Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di ìparí 2025, ó sì máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn oní-ṣíà lọ́dọọdún nígbà náà. Ó sọ nígbà kan pé tí òun bá ń kọ ọ́, àwọn arábìnrin òun méjèèjì, Doris àti Bertie, ni òun máa ń rò lọ́kàn. Orí wọn pé, àmọ́ wọn kì í ṣe oníṣirò. Ohun tí òun máa fẹ́ mọ̀ bí òun bá wà nípò wọn ni òun máa ń sọ fún wọn.

Akọ̀wé, ẹ gbé agbẹjọ́rò yẹn kúrò lọ́kàn, ẹ fi ìyá Àdùkẹ́ sí i.

Akọ̀wé_Marina · 3:52 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, Buffett ló ni iléeṣẹ́ tiẹ̀. Èmi, owó oṣù ni mò ń gbà 😂

Bàbá_Onígègé · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Àdùkẹ́, ìwọ lo máa jẹ́ Buffett fún ìyá rẹ. Mú ìwé ọdọọdún tó jẹ́ tuntun jù nínú àpò yẹn. Má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Iwájú ni wọ́n kó àwòrán àti ìyìn sí. Ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Wá ìwé àwọn ọ́dítọ̀ kọ́kọ́. Ojú ewé bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, wọ́n máa sọ ibi tó kọ wọ́n lóminú jù nínú ìṣirò náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wo èrè tí iléeṣẹ́ ní òun jẹ, kí o wá fi wé owó tó wọlé gan-an láti inú iṣẹ́. Ojú ewé ọ̀tọ̀ ni. Tí èrè bá ń ga lọ́dọọdún tí owó tó wọlé ò sì bá a rìn, bi ara rẹ léèrè. Lẹ́yìn náà, wo gbèsè. Lẹ́yìn náà, wo iye tí àwọn olùdarí san fún ara wọn. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni kí o tó padà sí ọ̀rọ̀ alága, wàá rí i pé o ti ń bá a jiyàn bí o ṣe ń kà á.

Màá fún ọ ní àpẹẹrẹ. Nígbà tí náírà jábọ́ ní oṣù kẹfà 2023, báǹkì tó ní dọ́là lọ́wọ́ kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí dọ́là yẹn ti di náírà rẹpẹtẹ nínú ìwé. Èrè ń fò sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jó. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Báǹkì Àpapọ̀ kọ̀wé sí wọn pé wọn ò gbọdọ̀ fi irú èrè yẹn san dífídẹ́ǹdì, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro. Ẹni tó ka ẹ̀yìn ìwé ti mọ̀ pé èrè tí ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́ fún ni.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé gbèsè dọ́là ni wọ́n jẹ. MTN Nigeria, tí ọ̀pọ̀ wa ra ṣíà wọn ní 169 náírà ní oṣù Kejìlá 2021, kéde àdánù 137 bílíọ̀nù náírà fún ọdún 2023. Nigerian Breweries kéde àdánù tó lé ní 100 bílíọ̀nù fún ọdún kan náà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dẹ́kun fóònù pípè tàbí ọtí mímu.

Ọmọ_Oníṣòwò · 5:31 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, èmi wà nínú MTN yẹn. Wọ́n ní tí mo bá di ogún ṣíà mú fún ọdún kan, wọ́n á fi ẹyọ kan ta mí lọ́rẹ. Mo dì í mú, mo gba ọ̀fẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó fẹ́ pa mí. Ní oṣù kẹfà 2025, Báǹkì Àpapọ̀ ní báǹkì tó bá ṣì wà lábẹ́ àánú tí wọ́n ṣe fún wọn lórí gbèsè tí àwọn oníbàárà ò san padà ò gbọdọ̀ san dífídẹ́ǹdì fún ìgbà díẹ̀ ná. Ọjọ́ Ẹtì ni. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, WhatsApp ò sùn. Ẹnì kan gbé orúkọ báǹkì jáde pé wọ́n ti dáràn, wọ́n dárúkọ méjì tí mo ní. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo tà á ní iye tí wọ́n bá ní. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìwé sórí ojúlé NGX, wọ́n ń ṣàlàyé ibi tí wọ́n dúró, pé àwọn máa kúrò lábẹ́ àánú yẹn láìpẹ́. Ṣíà padà gòkè. Èmi ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Akọ̀wé_Marina · 5:49 ìrọ̀lẹ́

Òun ni mo fi ń sọ fún àwọn ẹbí mi: tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn iléeṣẹ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ojúlé NGX, ibi tí wọ́n kọ Corporate Disclosures sí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi WhatsApp sílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé iléeṣẹ́ ò lè purọ́ níbẹ̀ o. Àmọ́ ẹni tó fọwọ́ sí i níbẹ̀ ní orúkọ, ó sì ní ibi tí wọ́n ti lè mú un.

Bàbá_Onígègé · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n sì ti mú wọn rí. Ẹ rántí Cadbury Nigeria. Ìparí 2006 ni iléeṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ wá sọ fún wa pé ìṣirò àwọn ọdún kan sẹ́yìn ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù. Àwọn oníṣirò yẹ̀ ẹ́ wò, SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà, fìyà jẹ àwọn ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní 2008, àwọn ọ́dítọ̀ náà san ìtanràn 20 mílíọ̀nù. Ìwé ọdọọdún tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí wa kí èyí tó ṣẹlẹ̀ dán gbinrin.

Dàpọ̀_Peckham · 7:20 alẹ́

Bàbá, ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ bèèrè nǹkan. Mo ti wo fídíò ìpàdé ọdọọdún wa mélòó kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba makirofóònù á kí alága, á kí ìyàwó alága, á ní kí Ọlọ́run fún alága ní ẹ̀mí gígùn. Ẹnì kejì náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹta á ní kí wọ́n fi kún owó àwọn olùdarí. Wákàtí kan ti lọ, ẹnikẹ́ni ò bèèrè nípa gbèsè. Ṣé ìjíròrò nìyẹn?

Bàbá_Onígègé · 7:48 alẹ́

O fọwọ́ kan ojú egbò. Àwọn kan wà nínú wa tó ti sọ ìpàdé di iṣẹ́. Mo mọ̀ wọ́n. Bọ́ọ̀sì kan náà la jọ ń wọ̀. Wọ́n á gba owó ọkọ̀, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n má fi gbogbo wa sínú agbọ̀n kan. Àwọn ẹgbẹ́ oní-ṣíà wà tó ti jà jà jà. Àti pé àyè kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìṣirò iléeṣẹ́ wò, CAMA 2020 ní èèyàn márùn-ún ni kó wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ oní-ṣíà bíi tiwa. Ẹnikẹ́ni tó ní ṣíà lè dá orúkọ ẹnì kan, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé iléeṣẹ́ ní ọjọ́ 21 ṣáájú ìpàdé. Mo jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ọdún àkọ́kọ́, mi ò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Ọdún kejì, mo bi wọ́n ìdí tí owó mọ́tò fi ju owó ìwádìí ọjà lọ. Ọdún kẹta, wọn ò dìbò fún mi mọ́.

Akọ̀wé_Marina · 8:10 alẹ́

Ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í kà: ìwé ìpè fún ìpàdé. Ọjọ́ 21 ṣáájú ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn ohun tí wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí, àwọn àlàyé kan wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Àdùkẹ́, ẹ wò ó fún mi nínú èyí tó jẹ́ tuntun jù.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá · 8:37 alẹ́

Mo ti rí i, fóònù ni mo fi tan iná sí i. Ó ní oní-ṣíà lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìbéèrè, kì í ṣe níbi ìpàdé nìkan, ó lè kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ tí ìbéèrè gbọ́dọ̀ ti dé síbẹ̀. Ó tún ní ẹni tí kò bá lè wá lè yan aṣojú, kí fọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ rẹ́jísírà ní wákàtí 48 ṣáájú ìpàdé.

Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ò tóbi tó èékánná mi. Àwòrán alága gba ojú ewé kan gbáko.

Akọ̀wé_Marina · 8:40 alẹ́

Ẹ̀tọ́ yẹn ni mo ń sọ. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti lò níbi iṣẹ́ yìí, ìka ọwọ́ mi tó láti ka iye lẹ́tà tí mo ti gbà lábẹ́ ẹ̀. Tí lẹ́tà bá sì dé, a gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá àgbà, ó ń mú kí gbogbo ilé mì tìtì. Ẹnì kan tó kọ̀wé lè wúlò ju ọgọ́rùn-ún tó pàtẹ́wọ́ lọ.

Ìyá_Ṣadé_Gbági · 9:02 alẹ́

Ṣé a lè kọ ọ́ ní Yorùbá?

Akọ̀wé_Marina · 9:15 alẹ́

Ìyá, mi ò rí ibi tí òfin ti kọ̀ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ ẹ̀, kí wọ́n má baà rí àwáwí. Ìwé ọdọọdún lédè Yorùbá, èmi ò rí i rí níbi iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ta ṣíà, Yorùbá ni wọ́n fi polówó ẹ̀ lórí rédíò.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá · ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Sọ́ńdè, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Iléeṣẹ́ 11 ni ìyá mi ní ṣíà nínú wọn. Méjì ti yí orúkọ padà, ọ̀kan ti dà pọ̀ mọ́ òmíràn, ọ̀kan ti wọlẹ̀. A ti kọ fọ́ọ̀mù e-dividend fún méje. Rẹ́jísírà kan dá tiwa padà nítorí ìfọwọ́sí, bí Akọ̀wé ṣe sọ. Ìyá mi jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, wọ́n ń gbìyànjú láti fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí ìwé ní 2006, wọ́n lò tó ojú ewé mẹ́ta. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún, ó jọ ọ́. Àkọ́kọ́ tó wọlé jẹ́ ti ṣíà 5,000, náírà kan lórí ẹyọ kan. Wọ́n yọ owó orí ìdá mẹ́wàá, ó ku 4,500. Ìyá mi ní kí n ka alẹ́ẹ̀tì náà sétígbọ̀ọ́ àwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ṣe ohun tí Bàbá sọ. Mo ka ìwé kan láti ẹ̀yìn, mo wá fi ohùn Yorùbá gbà á sílẹ̀ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré: iye tó wọlé, iye tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n fẹ́ kí a dìbò sí. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá mi nínú ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ti gbọ́ ọ. Ó jọ pé wọ́n ti pín in kiri, nítorí ẹnì kan tí mi ò mọ̀ pè mí láti Ṣakí, ó ní òun ní ṣíà iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ṣé mo lè ka ìyẹn náà.

Ìyá mi sì ti kọ ìbéèrè wọn. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ ní Yorùbá, èmi fi Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ ẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé iléeṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n dà á kọ síbí: "Ẹ̀yin olùdarí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, èrè yín lé sí i lọ́dún tó kọjá, owó tó wọlé láti inú iṣẹ́ dín kù. Níbo ni ìyókù wà? Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ bíi pé ọmọ kíláàsì mi kan ló bèèrè."

Bàbá_Onígègé · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ha! Ẹ bá mi kí ìyá yẹn. Ṣé wọ́n ti fèsì?

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá · 4:44 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ní àwọn ti gbà á, àwọn máa dáhùn níbi ìpàdé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni, aago 11 àárọ̀. Mo ti ra dátà sílẹ̀, orí Zoom ni.

Ìyá_Ṣadé_Gbági · 4:51 ìrọ̀lẹ́

Orí Zoom kẹ̀? Kò sí jọ̀lọ́ọ̀fù nìyẹn.